Oṣooṣù Lowó Ń Wọlé, Ọdọọdún Ni Wọ́n Ń Gba Owó Ilé

Abẹ́ ilẹ̀kùn ni wọ́n ti ti lẹ́tà náà wọlé. Ọjọ́ Sátidé ni, mo ṣẹ̀ṣẹ̀ gbálẹ̀ tán ni, mo wá rí bébà funfun kan tí wọ́n ṣẹ́ sí mẹ́rin lẹ́gbẹ̀ẹ́ bàtà mi. N kò tíì tú u tí àyà mi ti já. Ẹni tó bá ti yá ilé gbé l'Ékòó rí mọ̀ pé lánlọ́ọ̀dù kì í kọ lẹ́tà láti fi kíni kú ọdún. Ìlà mẹ́ta ló wà nínú rẹ̀: bí nǹkan ṣe rí lóde báyìí, yàrá àti pálọ̀ tí mò ń san 350,000 náírà fún lọ́dún yóò di 700,000 tí owó tí mo san bá ti parí, bí kò bá tẹ́ mi lọ́rùn, kí n tètè máa wá ibòmíràn.

Ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà ni ìyá mi pè mí láti Ìbàdàn. A kíra tán, ó ní, "Ọmọ mi, bá mi kọ lẹ́tà kan sáwọn tẹ́náǹtì. Mo fẹ́ fowó lé owó ilé. Ìwọ lo mọ bí wọ́n ṣe ń kọ ọ́ tí kò fi ní dà bí ìjà."

Lẹ́tà tèmi ṣì wà lórí bẹ́ẹ̀dì níwájú mi bó ṣe ń sọ̀rọ̀. Wọ́n ní agbẹ́jọ́ẹnìkandá, àgbà òṣìkà. Ẹjọ́ méjèèjì ló dé bá mi lọ́jọ́ kan ṣoṣo: ayálégbé ni mí l'Ékòó, ọmọ onílé ni mí ní Ìbàdàn. Mo ní kí ìyá mi fún mi ní ọ̀sẹ̀ kan.

Kò sẹ́ni tí kò mọ ibi tí ọ̀rọ̀ yìí ti ṣẹ̀. Lọ́jọ́ kọkàndínlọ́gbọ̀n oṣù Karùn-ún ọdún 2023 tí Ààrẹ Bọ́lá Tinúbú gorí àlééfà, ó kéde pé ìrànwọ́ orí epo bẹntiróòlù ti lọ. Epo tí à ń rà tí kò tó 200 náírà lítà kan ti lé ní 600 kí oṣù Keje tó parí. Nígbà tí ọdún 2024 fi ń lọ sópin, ó ti kọjá 1,000. Oṣù Kẹfà ọdún 2023 yẹn náà ni wọ́n tú náírà sílẹ̀ sínú ọjà, dọ́là tí báńkì ń ṣẹ́ ní nǹkan bí 460 náírà sì kọjá 1,500 lọ́dún tó tẹ̀ lé e. Àjọ NBS tó ń bá ìjọba àpapọ̀ ṣírò nǹkan ní ọ̀wọ́ngógó wọ ìdá 34.8 nínú ọgọ́rùn-ún ní oṣù Kejìlá ọdún 2024. Ìyá mi kò mọ NBS. Ohun tí òun mọ̀ ni pé 5,000 náírà tí yàrá kan ń san fún un lóṣù ń ra gàrí, epo pupa, ẹja àti oògùn tẹ́lẹ̀, ṣéńjì á sì tún kù lọ́wọ́. Gàrí àti epo nìkan ló ń bá a délé báyìí.

Ẹni tó bá ń wo eré Yorùbá mọ baba onílé: ó ró aṣọ mọ́dìí, ó ti pákò bọ ẹnu, ó ń pariwo lé ayálégbé lórí láàárọ̀ kùtù. Irú wọn wà, mo ti gbé lọ́dọ̀ wọn. Ṣùgbọ́n ẹ rìn ní Mọ́kọ́lá, ẹ rìn ní Agége tàbí Múṣin, kí ẹ béèrè ẹni tó ni àwọn ilé tí páànù wọn ti pọ́n yẹn. Opó pọ̀ níbẹ̀. Olùkọ́ tó ti fẹ̀yìn tì, ẹni tó ti bá iléeṣẹ́ rélùwéè ṣiṣẹ́ rí, àwọn ọmọ márùn-ún tí bàbá wọn fi ilé kan ṣoṣo sílẹ̀ fún, wọ́n kún ibẹ̀.

Ilé ìyá mi kì í ṣe pẹ̀tẹ́ẹ̀sì. Ilé yàrá mẹ́jọ ni, irú èyí tí gbogbo èèyàn ń pè ní fésì-mí-àí-fésì-yù: mẹ́rin lọ́tùn-ún, mẹ́rin lósì, ọ̀dẹ̀dẹ̀ láàrin, balùwẹ̀ àti ilé ìdáná lẹ́yìn. Bàbá mi, olùkọ́ iléèwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, ló kọ́ ọ, ọdún mọ́kànlá ló sì fi kọ́ ọ. Fáúńdéṣọ̀n lọ́dún yìí, búlọ́ọ̀kù lọ́dún tó ń bọ̀, páànù nígbà tí kọpuréètì bá yá a lówó. Ó kú kí owó ìfẹ̀yìntì rẹ̀ tó jáde tán. Yàrá mẹ́fà tí ìyá mi fi háyà ló wá di owó ìfẹ̀yìntì náà.

Mo wọ ọkọ̀ lọ bá a. Ó gbé ìwé owó ilé fún mi, ìwé ìkọ̀wé ọmọ iléèwé tí táìmù-tébù wà lẹ́yìn rẹ̀, etí rẹ̀ ti ká bí ewé gbígbẹ. Ọwọ́ bàbá mi ló wà lójú ewé àkọ́kọ́: yàrá kejì, 150 náírà, oṣù Kẹta ọdún 1996. Gbogbo ìlà tọ́, gbogbo owó pé. Nígbà tí mo ṣí i dé ibi tí ọwọ́ ìyá mi ti bẹ̀rẹ̀, ọ̀rọ̀ ti wọ àárín owó. "Ó kù 2,000." "Ó ní tó bá di òpin oṣù." "Ọmọ rẹ̀ wà ní ọsibítù, mi ò béèrè." Láti ìparí ọdún 2023 síwájú, ọ̀rọ̀ ti pọ̀ ju owó lọ nínú ìwé náà. Ọkùnrin tó wà ní yàrá kẹfà ní ojú ewé tirẹ̀ lọ́tọ̀: oṣù mẹ́rìnlá gbáko tí kò san kọ́bọ̀. Nígbà tí ìyá mi fohùn líle bá a sọ̀rọ̀, ó ní, "Màmá, ẹ lọ kóòtù."

Òjò ti ṣí páànù mẹ́ta lókè yàrá karùn-ún. Ìyá ẹlẹ́kọ ló ń gbé ibẹ̀. Ó ti gbé bẹ́ẹ̀dì rẹ̀ kúrò nídìí ògiri wá sí ẹnu ọ̀nà, ó fi bàsíà méjì síbi tí omi ń kán sí. Mo sùn nílé lọ́jọ́ náà, òjò sì rọ̀. Tó, tó, tó, títí ilẹ̀ fi mọ́. Yàrá ìyá mi ló wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ògiri kan ló wà láàrin wọn. Ìyá mi ní bí òun bá ti ń gbọ́ ìró yẹn, oorun kì í kùn òun. Ìyá ẹlẹ́kọ náà kì í sùn, nítorí ó gbọ́dọ̀ máa da bàsíà nù. Obìnrin méjì ń lajú sílẹ̀ lóru nítorí páànù mẹ́ta, ọ̀kan ní ilé, èkejì ń yá a gbé.

Káfíńtà ti wò ó. Páànù tó yẹ kí wọ́n pààrọ̀ lápá ibẹ̀ jẹ́ mẹ́rìnlá, owó wọn sì ju owó ilé yàrá mẹ́rin lọ́dún kan lọ, ká má tíì dárúkọ pákó, ìṣó àti owó iṣẹ́. Ẹni tó bá ra sìmẹ́ńtì ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 2024 yóò rántí. Àpò kan tó wà ní nǹkan bí 5,000 náírà kọjá 10,000 láàrin ọ̀sẹ̀ díẹ̀, títí tí Mínísítà fún Iṣẹ́ Òde, Dave Umahi, fi pe àwọn tó ń ṣe sìmẹ́ńtì jókòó ní oṣù Kejì, tí wọ́n ní àwọn yóò dá a padà sí 7,000 sí 8,000.

Àwọn ayálégbé ní èsì sí èyí, èsì náà sì lẹ́sẹ̀ nílẹ̀. Ilé tí wọ́n ti kọ́ tán láti ọdún 1990, kí ló pa á pọ̀ mọ́ sìmẹ́ńtì ọdún 2024? Mo bi ara mi ní ìbéèrè yìí nígbà tí mo padà s'Ékòó, tí mo tún wo lẹ́tà mi. Wọn kò kun ilé wa láti ọjọ́ tí mo ti dé ibẹ̀. Àwa ayálégbé la da owó tí wọ́n fi kó ṣóńkàwéè, àwa la tún ẹ̀rọ tó ń fa omi ṣe. Tí ó bá jẹ́ pé àtúnṣe ló mú kí owó ilé di ìlọ́po méjì, àtúnṣe náà dà? Ohun tí mo rí ni pé ọ̀pọ̀ onílé kì í ṣírò ìnáwó tiwọn. Owó ilé àdúgbò ni wọ́n ń wò, ẹni tó sì ń gbé ìròyìn owó àdúgbò kiri láti ẹnu ọ̀nà dé ẹnu ọ̀nà ni àjẹ́ǹtì.

N kò ní bo ọ̀rọ̀ àjẹ́ǹtì mọ́lẹ̀, nítorí ibẹ̀ gan-an ni ọgbẹ́ yìí ti ń jinlẹ̀. Nígbà tí mo ń wá ibòmíràn lẹ́yìn lẹ́tà náà, mo rí yàrá àti pálọ̀ kan tí wọ́n pè ní 500,000. Ẹ jẹ́ ká ṣírò rẹ̀ bí wọ́n ṣe ṣírò rẹ̀ fún mi: owó ilé, 500,000, owó àjẹ́ǹtì, 100,000, owó àgíríméńtì, 100,000, owó kóṣọ́ọ̀nù tí wọ́n ní àwọn yóò dá padà bí n kò bá ba nǹkan jẹ́, 100,000. Ó di 800,000 kí n tó gbé ìkòkò kan wọlé. Mo tún ti san owó ìbẹ̀wò kí wọ́n tó ṣílẹ̀kùn fún mi rárá. Ẹni tó ń jẹ nínú kíkó jáde àti kíkó wọlé kò lè fẹ́ kí ayálégbé pẹ́ nílé. Ìgbàkigbà tí tẹ́náǹtì tuntun bá dé ni tirẹ̀ ń wọlé, ìdí nìyẹn tí òun fi máa ń jẹ́ ẹni àkọ́kọ́ tí yóò sọ fún bàbá onílé pé "ilé yín ti tó 700,000 o". Àbádòfin tí wọ́n gbé wá síwájú Ilé Ìgbìmọ̀ Aṣòfin Ìpínlẹ̀ Èkó ní ọdún 2025 fẹ́ kí owó àjẹ́ǹtì má kọjá ìdá 5 nínú ọgọ́rùn-ún owó ilé. Lórí 500,000, ìyẹn jẹ́ 25,000.

Òfin tiẹ̀ ti wà nílẹ̀. Ọdún 2011 ni Babátúndé Fáṣọlá, tó jẹ́ gómìnà Èkó nígbà náà, fọwọ́ sí òfin ilé yíyá tí à ń lò. Ó ní onílé kò gbọdọ̀ gbà ju owó ọdún kan lọ lọ́wọ́ ayálégbé tuntun, kò sì gbọdọ̀ gbà ju oṣù mẹ́fà lọ lẹ́ẹ̀kan lọ́wọ́ ẹni tó ti ń gbébẹ̀ tó sì ń san án lóṣooṣù. Ẹni tó bá rú u, owó ìtanràn 100,000 náírà tàbí ẹ̀wọ̀n oṣù mẹ́ta. Ẹni tó ń san án lọ́dọọdún gbọ́dọ̀ gba ìwé ìkìlọ̀ oṣù mẹ́fà kí wọ́n tó ní kó kó jáde, àfi tí àdéhùn wọn bá sọ nǹkan mìíràn. Onílé tó bá tìlẹ̀kùn mọ́ ayálégbé síta, tàbí tó ká páànù kúrò lórí rẹ̀ láti fi lé e, lè fi ẹ̀wọ̀n oṣù mẹ́fà jura. Ayálégbé tó bá rí i pé owó tí wọ́n fi kún un kọjá ààlà lè ní kí kóòtù bá òun wò ó. Ìkòyí, Victoria Island, Àpápá àti GRA Ìkẹjà ni òfin náà kò kàn.

Mo ṣí òfin yìí lórí fóònù, mo fi han àjẹ́ǹtì tó mú mi lọ wo ilé 500,000 yẹn. Ó wò ó fìrí, ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, tó bá jẹ́ inú òfin lẹ fẹ́ gbé, ẹ máa kó lọ síbẹ̀."

Ọ̀rọ̀ rẹ̀ dùn mí, àmọ́ ó mọ ohun tó ń sọ. Ta ni yóò pe onílé lẹ́jọ́ tí yóò tún máa fa omi nínú kànga rẹ̀ láàárọ̀? Ẹjọ́ á fà títí, lọ́yà á gbowó, ojú ò sì ní lè wojú mọ́ nínú ọ̀dẹ̀dẹ̀. Ìfàfalẹ̀ kan náà yìí ni ayálégbé tó bá fẹ́ jẹ onílé níyà fi ń ṣe asà. Ọkùnrin yàrá kẹfà mọ̀ pé ìyá mi kò lówó lọ́yà, ló fi ní kó lọ kóòtù. Ibi tí n bá rán àwọn méjèèjì lọ, tó bá jẹ́ Èkó ni, ni Citizens' Mediation Centre tí ìjọba ìpínlẹ̀ náà dá sílẹ̀ láti ọdún 1999. Wọn kì í gba kọ́bọ̀, wọ́n á mú tọ̀tún-tòsì jókòó, wọ́n á sì kọ ohun tí wọ́n bá fẹnu kò sí sílẹ̀. Ó yà mí lẹ́nu bí àwọn tí kò mọ ibẹ̀ ṣe pọ̀ tó ládùúgbò mi.

Wọ́n tilẹ̀ ti fi òfin dá iye owó ilé rí. Ìjọba ológun ṣe é l'Ékòó ní ọdún 1976, wọ́n tún ṣe é ní ọdún 1997. Iye tí wọ́n kọ sínú ìwé wà nínú ìwé, iye tí onílé ń gbà wà nínú ọjà. Níbi tí èèyàn ti pọ̀ ju yàrá lọ, ẹni tó ní yàrá ni yóò dárúkọ owó.

Ohun tí òfin kò tíì yí padà, tí mo sì gbà pé òun ni gbòǹgbò ìjà yìí, ni owó ọdún kan lẹ́ẹ̀kan náà. Ẹ wò ó bí owó ṣe ń dé ọwọ́ èèyàn lọ́dọ̀ wa. Òṣìṣẹ́ ń gbowó lóṣooṣù. Owó oṣù tó kéré jù tí ìjọba àpapọ̀ fọwọ́ sí ní oṣù Keje ọdún 2024 jẹ́ 70,000 náírà. Ẹni tó ń gbà á, tó fẹ́ san 700,000, oṣù mẹ́wàá ni yóò fi ṣiṣẹ́ fún onílé nìkan, láìwọ ọkọ̀, láìjẹun. Ìyá ẹlẹ́kọ ń rówó lójoojúmọ́, ó ń ná an lójoojúmọ́. Telọ ń rówó nígbà ọdún Iléyá àti Kérésìmesì. Kò sẹ́ni tí owó ọdún kan ń wá bá lẹ́ẹ̀kan. Nítorí náà, kí ọdún tó pé, wọ́n á lọ yá a. Wọ́n á yá a lọ́dọ̀ kọpuréètì, wọ́n á bẹ alájọ kó fún àwọn ní àkọ́kó àjọ, ẹni tí ojú bá ń pọ́n jù á lọ tẹ ápù orí fóònù tó ń yáni lówó, àwọn tí wọ́n máa ń fi àwòrán èèyàn ránṣẹ́ sí gbogbo ẹni tó mọ̀ bó bá pẹ́ ọjọ́ méjì. Gbèsè yẹn ni wọ́n á fi oṣù mẹ́jọ san, owó ilé mìíràn á sì ti dé.

Bẹ́ẹ̀ ni kò rọ onílé náà lọ́rùn. Ká ní wọ́n kó owó ọdún kan fún ìyá mi lónìí, owó náà kò ní rí oṣù kẹrin. Ẹ̀yìn náà ni yóò wá máa wo ojú tẹ́náǹtì tí kò jẹ ẹ́ ní gbèsè.

Àbúrò mi ń yá ilé gbé ní London. Lóṣooṣù ló ń san án láti ọjọ́ tó ti débẹ̀. Òfin tuntun tí wọ́n fọwọ́ sí níbẹ̀ ní oṣù Kẹwàá ọdún 2025 kò sì ní jẹ́ kí onílé fi dandan gba ju owó oṣù kan lọ ṣáájú. Ilé wọ́n níbẹ̀ náà, ó ń ráhùn. Ṣùgbọ́n n kò gbọ́ ọ rí pé ó ní kí n bá òun wá owó ọdún kan.

Mo tọ bàbá onílé mi lọ ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Àìkú kan. Mo dọ̀bálẹ̀, mo ní, "Ẹ kú ilé, sà. Lẹ́tà yín ni mo bá wá." Ó ní kí n jókòó. N kò mẹ́nu ba òfin. Mo kó rìsíìtì ṣóńkàwéè àti ti ẹ̀rọ omi síwájú rẹ̀, mo ní kó bá mi wò ó. Ó wọ dígí rẹ̀, ó kà wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan. Ó ní àjẹ́ǹtì ló sọ fún òun pé ilé tó kọjú sí wa ti di 800,000. Ó dákẹ́, ó wá ní ẹ̀jẹ̀ ìyàwó òun ń ru, oògùn tí wọ́n ń rà ní 4,000 tẹ́lẹ̀ ti di ohun tí òun ò lè fẹnu sọ. N kò mọ̀ tẹ́lẹ̀. Ọdún mẹ́fà ni mo ti ń kọjá lójú fèrèsé ìyá náà. A fẹnu kò sí 520,000, ìdajì báyìí, ìdajì lẹ́yìn oṣù mẹ́fà, àjẹ́ǹtì kankan kò sì ní dá sí i. Ó ṣì wọ̀ mí lọ́rùn púpọ̀. N kò ní purọ́ pé n kì í ronú nípa rẹ̀ bí mo bá ń wọ bọ́ọ̀sì lọ síbi iṣẹ́.

Lẹ́tà ìyá mi, n kò kọ ọ́. Ìpàdé la ṣe nínú ọ̀dẹ̀dẹ̀, pẹ̀lú àga àti àpótí. Ìyá mi ní òun fẹ́ kó di 8,000 lóṣù. Ariwo sọ. Telọ tó wà ní yàrá kìíní bi í pé, "Màmá, ẹ má bínú, owó tẹ́ ẹ fẹ́ fi kún un yìí, ṣé ti páànù ni àbí ti oúnjẹ?"

Ìyá mi wò ó, ó ní, "Méjèèjì ni, ọmọ mi."

Àfi bíi pé ọ̀rọ̀ yẹn bu omi sí gbogbo wọn lọ́kàn. Ìyá ẹlẹ́kọ ló wá sọ pé, "Ẹ jẹ́ ká máa dá a bí àjọ. Ọ̀sẹ̀ kan, 2,000. Alẹ́ ọjọ́ Àìkú. Kí oṣù méjì àkọ́kọ́ jẹ́ ti páànù." Wọ́n gbà. Ìyá mi fi rúlà fa ìlà sínú ìwé táìmù-tébù yẹn, àpótí kékeré mẹ́rin fún oṣù kan, bí káàdì alájọ.

Kò lọ geere. Telọ fò ọ̀sẹ̀ méjì, ó sì san án pọ̀ lẹ́yìn náà. Ọkùnrin yàrá kẹfà san lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Lọ́sẹ̀ karùn-ún, ó kó lọ lóru pẹ̀lú gbèsè oṣù mẹ́rìnlá, ó tú gílóòbù yàrá náà dání. Ìyá mi ṣépè díẹ̀, ó sì fi yàrá náà háyà fún nọ́ọ̀sì kan tó ń kọ́ṣẹ́, tó ní òun fara mọ́ ọlọ́sọ̀ọ̀sẹ̀.

Páànù mẹ́fà ni wọ́n ti rí rà nínú mẹ́rìnlá nígbà tí ìyá mi pè mí lálẹ́ ọjọ́rú tó kọjá. Ó ní káfíńtà ti kan án, pé òkè yàrá karùn-ún ni wọ́n ti bẹ̀rẹ̀, àti pé òjò ńlá rọ̀ lóru ìjẹta.

Mo ní, "Ṣé ẹ rí oorun sùn?"

"Mo sùn."

"Ìyá ẹlẹ́kọ ńkọ́?"

Ó ní, "Mo jí tọ̀ ni mo gbọ́ ọ lẹ́yìn ògiri. Ó ń hanrun."